Ẹ Bá Wa Ti Géètì Kan Lọ́sàn-án: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ẹgbẹ́ Onílé Ìgboro Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ landlọ́ọ̀dù gbogbo nínú ìgboro Ìbàdàn, láti Àgbowó dé Olúyọ̀lé, láti Mónátán dé Ẹlẹ́yẹlé, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú àmójútó àdúgbò. Ẹ kú ìnáwó tírànsífọ́mà, ẹ kú owó ọdẹ, ẹ kú làálàá títì tí ẹ ń fi owó àpò yín dí kòtò inú rẹ̀.

Ayálégbé ni mí. Mo mọ̀ pé ayálégbé kì í jókòó níbi ìpàdé onílé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí títì kan lẹ́yìn Baṣọ̀run, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń jókòó nídìí maṣíìnì kan náà, tí mò ń wo títì kan náà. Ohun tí mo rí lórí títì yẹn ló ń bá mi sùn, òun ló ń bá mi jí, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Géètì tí ẹ ń tì lóru nítorí olè, ẹ bá wa ti ẹyọ kan nínú rẹ̀ lọ́sàn-án nítorí ọkọ̀ tó ń là wá kọjá. Ẹ ṣí ìkejì sílẹ̀ kí onílé, ayálégbé, àlejò àti ọlọ́jà lè wọlé, kí wọ́n sì jáde. Ọ̀tọ̀ ni kí ọkọ̀ wọ àdúgbò, ọ̀tọ̀ ni kí ó là á kọjá bí ẹni tó ń la oko àgbàdo kọjá. Èkejì yìí nìkan ni mo ní kí a dá dúró, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kẹ̀kẹ́ ológeere lè rí títì lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹsàn-án, òjò alẹ́ ọjọ́ kan já afárá kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Kì í ṣe omíyalé bíi ti Ògùnpa lọ́dún 1980, kì í sì í ṣe irú ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó gbé èèyàn àti afárá lọ káàkiri Ìbàdàn. Òjò lásán ni. Ṣùgbọ́n páìpù simẹ́ńtì tó wà lábẹ́ títì ti gbó, ilẹ̀ bá là sí méjì. Wọ́n fi pákó méjì lélẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Mọ́tò kò lè kọjá rárá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà bẹ́ẹ̀ kí ẹgbẹ́ onílé tó rí owó kó jọ, tí wọ́n fi tún un ṣe.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí títì wa jẹ́ tẹ́lẹ̀ kò lè mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn jẹ́. Ẹ̀bùrú ni títì wa. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ní Ìdí-Apẹ́, tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Akọ̀bọ́ bá tò lọ bí ìjàlọ, awakọ̀ Máíkírà àkọ́kọ́ tó bá rántí títì wa á ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, ogún á sì tẹ̀ lé e. Wọn kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Wọn kì í rà, wọn kì í tà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún tí wọ́n fẹ́ fi dín ìrìn wọn kù ni wọ́n ń wá. Eré tí wọ́n sì ń sá níbẹ̀ ju ti ojú títì ńlá lọ, nítorí ẹni tó bá ti gba ẹ̀bùrú, ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti pẹ́. Lọ́jọ́ kan tí kò sí iná, mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mò ń fa ìlà sára pátákó ìgéṣọ fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láti aago méje. Kí aago mẹ́jọ tó lù, pátákó ti kún. Èyí tó yà sí ilé kankan ládùúgbò nínú wọn, ìka ọwọ́ mi tó o kà.

Ọjọ́ kejì tí afárá já, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ìdákẹ́jẹ́. Mo gbọ́ ohùn maṣíìnì mi. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnyán nílé kẹta. Lọ́jọ́ kẹta ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé tó dojú kọ mi, bàbá rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan fún un nígbà Kérésìmesì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi ṣéènì so kẹ̀kẹ́ ọ̀hún mọ́ irin wíńdò, nítorí ìyá rẹ̀ ní kò sí ibi tí ọmọ lè gùn ún sí. Ó gbé e jáde. Táyà rẹ̀ ti jò, ó sì ti dípẹtà. Fọkanáísà tó wà ní kọ́ọ̀nà fún un ní atẹ́gùn, ó kan ọ́ìlì sí ṣéènì rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án ti tò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, kálukú ń dúró de ìgbà tirẹ̀.

Ọmọbìnrin mi wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbójú sókè nídìí maṣíìnì, mo rí i lórí kẹ̀kẹ́, ọmọkùnrin yẹn di ìjókòó mú lẹ́yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé, "Má wo ilẹ̀! Iwájú ni kó o máa wò!" Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ fún un. Ọmọ mi ti dé iwájú ilé kẹfà kó tó bojú wẹ̀yìn, kó tó rí i pé òun nìkan ló wà lórí kẹ̀kẹ́. Igbe tó ké lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ mọ irú rẹ̀.

Àgbàlagbà náà jáde. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá kan, dókítà sì ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́. Inú ọgbà ilé wọn ni bàbá yìí ti ń rìn yípo yípo láti ọdún méjì. Nígbà tí mọ́tò dáwọ́ dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi tútù, wọ́n á bi mí ìròyìn ilé, wọ́n á padà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mélòó ni mo ti ń gbé àdúgbò yẹn, èmi àti bàbá yìí kò tíì jókòó sọ̀rọ̀ rí.

Wọ́n tún afárá ṣe. Mo dá owó tèmi sí i, inú mi sì dùn, nítorí àbùkù ni kí afárá já sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, mo rán ọmọ mi kí ó lọ ra ata. Ẹ̀bá gọ́tà ló ń gbà lọ. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ àti ìsọ̀ kan dí orí síláàbù, ó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì láti yà á sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gba ẹ̀bùrú ló gbá a. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dá sí méjì. Awakọ̀ náà kò sá. Òun ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn, ẹkún tí ó sun lọ́jọ́ náà pọ̀ ju tèmi lọ. Mi ò bínú sí i mọ́. Ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ fún un, ó gbà á.

Ẹ̀yin bàbá wa, kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìjàm̀bá ojú títì ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ ní gbogbo ayé, ó ju ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó ju ibà. Èèyàn bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba dín mẹ́wàá (1,190,000) ni ojú títì ń gbà lọ́dọọdún, ó sì ju ìdajì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́kẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Ìwé òfin ìrìnnà tiwa gba ọkọ̀ láyè kí ó sáré dé kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan nínú ìlú. Ní Stockholm lọ́dún 2020, àwọn ìjọba àgbáyé fẹnu kò sí i pé níbi tí ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò bá ti dàpọ̀, eré ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbá ní 30, ó ṣeé ṣe gan-an kí ó yè é. Ní 50, ọ̀rọ̀ ti di ti orí.

Oṣù tí ọmọ mi fi wà nínú P.O.P., mò ń kàwé lórí fóònù lóru nígbà tí oorun kò wá. Ìtàn tí mo rí nípa orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì kò kúrò lọ́kàn mi. A máa ń rò pé láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé ni àwọn yẹn ti ń gun kẹ̀kẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, mọ́tò gba ìlú wọn bó ṣe ń gba tiwa yìí. Lọ́dún 1971 nìkan, ó lé ní 3,000 èèyàn tí wọ́n kú lójú títì wọn, àwọn ọmọdé inú wọn lé ní 400. Akọ̀ròyìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Vic Langenhoff, mọ́tò pa ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lọ́dún 1972 ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn, ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Stop de Kindermoord", ìyẹn ni pé "Ẹ yéé pa àwọn ọmọdé". Àwọn òbí gba orúkọ yẹn, wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dí títì àdúgbò wọn kí ọmọ lè rí ibi ṣeré, wọ́n lọ bá olórí ìjọba wọn nílé. Nílùú Delft, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ títì àdúgbò di ibi tí mọ́tò gbọ́dọ̀ máa rìn bí ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n gbin igi sí i, wọ́n gbé àga sí i. Lọ́dún 1976, ìjọba sọ ọ́ di òfin. Ohun tí a ń wò lónìí, tí a ń sọ pé ìlú òyìnbó dára, òbí tó ń ṣọ̀fọ̀ ló dá a sílẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù náà, wọ́n ń gbé ìkòkò òdòdó ńláńlá àti òpó irin sáàárín títì àdúgbò. Mọ́tò lè wọlé láti apá ìhín, ó lè wọlé láti apá ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò lè là á kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kẹ̀kẹ́ ń kọjá fàlàlà. Kí n má fi apá kan ìtàn pamọ́ fún yín: lọ́dún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n yára gbé e kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò láìfi bẹ́ẹ̀ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè, ìjà sì ṣẹlẹ̀. Wọ́n fọ́ àwọn ìkòkò òdòdó kan, wọ́n yọ òmíràn dànù pátápátá. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jí láàárọ̀ kí ó bá ọ̀nà ní títì láìgbọ́ nípa rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín dípò kí n yí òkúta sójú títì fúnra mi.

Ẹni tó bá ní ìlú aláwọ̀ funfun nìyẹn, ẹ jẹ́ kí a wo Kigali ní Rwanda, èèyàn bíi tiwa. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ti àwọn títì kan mọ́ mọ́tò láwọn ọjọ́ Sunday kan, kí ará ìlú lè rìn, kí wọ́n sáré, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́. Ní Bogotá ní Kòlóńbíà, láti ọdún 1974 ni, lọ́jọọjọ́ Sunday, láti aago méje àárọ̀ dé aago méjì ọ̀sán, ó sì ti gbòòrò dé bíi kìlómítà 120 ọ̀nà.

Àwa náà mọ bí a ti ń ti ọ̀nà. Ta ló mọ̀ ọ́n jù wá lọ? Bí ẹnì kan bá ń sìnkú bàbá rẹ̀, kánọ́pì á bo títì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, mọ́tò á yí padà, kò ní sí ẹni tó máa bínú, nítorí gbogbo wa gbà pé òkú olóògbé tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Olóòlù bá jáde, a mọ ọ̀nà tí kò ṣeé gbà. Lọ́jọ́ ìdìbò, kò sí ọkọ̀ lójú títì, bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ ń gbá láàárín ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà lọ́dún 1984 rántí Sátidé ìmọ́tótó, tí ìjọba Buhari àti Idiagbon ní kí onílé ó gbélé, kí á gbálẹ̀, kí á kó gọ́tà. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí jù ni pé bí a bá ti parí gọ́tà, títì di tiwa títí aago mẹ́wàá fi máa lù. A ń ṣe ẹkùn mẹ́ran lórí ọ̀dà títì. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí á fún àwọn ọmọ tó wà láàyè ní ìdajì àǹfààní tí a ń fún òkú àti ìbò.

Ìbàdàn náà wà lára àwọn tó tètè dìde sí ọ̀rọ̀ ààbò ojú títì ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Májà-májà, Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tó gbé e lárugẹ. Ó di ọdún 1988 kí ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ FRSC sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní àṣà àjòjì ni mò ń mú wá, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bí Májà-májà ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a lábàá fún àwọn ará àdúgbò. Èkíní ni pé, tí a bá ti ẹ̀bùrú, ojú títì ńlá á tún há sí i. Ó lè há sí i fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn ọkọ̀ yìí kúkú ń jáde sójú títì ńlá náà níwájú, wọ́n kàn fẹ́ fo ìlà ni. Bí wọ́n ṣe ń já wọlé padà ní ìpẹ̀kun títì wa gan-an ló ń dá ìlà dúró. Lóòótọ́, ojúṣe ìjọba ni kí ojú títì ńlá lọ déédéé. Ìdí tí wọ́n fi ń la Ọ̀nà Àyíká Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 110, ni kí ọkọ̀ akẹ́rù má fi inú ìlú ṣe ọ̀nà mọ́. Ohun tí ìjọba ń ṣe fún ìlú lápapọ̀ ni kí ẹ̀yin náà ṣe fún àdúgbò.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ iná àti àìsàn. Ọkọ̀ panápaná ńkọ́? Ọkọ̀ áńbúláǹsì ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, òun sì ni ó jẹ́ kí n sọ pé kí a má mọ odi, kí a má da kọ̀ǹkéré sí i. Géètì ni kí ó jẹ́, kí ọdẹ jókòó tì í pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tàbí kí ó jẹ́ dúrọ́ọ̀mù tí èèyàn méjì lè yí kúrò kí ènìyàn tó ka ẹ̀wá. Kí nọ́ńbà ọdẹ sì wà lára rẹ̀ gbàgà gbàgà. Lóru lónìí ńkọ́, nígbà tí ẹ bá ti géètì méjèèjì, tí ọdẹ sì ti sùn? Ewu yẹn le ju èyí tí mò ń béèrè lọ, ẹ sì ti ń bá a gbé láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ajé. Ọlọ́jà ni èmi náà. Lọ́sẹ̀ márùn-ún yẹn, ìyá alákàrà tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń gbọ́ òórùn àkàrà. Àwọn tó wá tún aṣọ ṣe lọ́dọ̀ mi pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n fọkanáísà wa pàdánù. Táyà tó ń fún ní atẹ́gùn dín kù gan-an, ó sì sọ ọ́ sí mi létí. Ohun tí mo rò ni pé kí òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì ọ̀sán, kí ẹ san owó fún un. Ẹnu kọ́ọ̀nà ló kúkú ń jókòó, kò sí ẹni tó mọ ojú ọkọ̀ àdúgbò tó o.

Ẹnì kan tún sọ fún mi pé, "Ta ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láyé ìsinsìnyí?" Ó dùn mí. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan. Abúlé wa wà lójú ọ̀nà Àkànràn, orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń gbé kòkó wá sọ́dọ̀ oníwọ̀n. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fi àkísà nù ún, wọ́n á gbé e wọ yàrá sùn. Bí wọ́n bá gùn ún wọ abúlé, agogo rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé wọ́n ti dé. Owó kòkó ló kọ́ ilé alájà 26 tó wà ní Dùgbẹ̀ lọ́dún 1965, kẹ̀kẹ́ sì wà lára ohun tó gbé kòkó yẹn jáde láti inú oko. Nígbà wo wá ni kẹ̀kẹ́ di àmì òṣì? Mo mọ̀ pé orí òkè ni Ìbàdàn wà, ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gòkè Màpó á sọ̀ kalẹ̀ tì í. Kò burú. Ilé sí ilé ìwé, ilé sí mọ́ṣáláṣí, ilé sí ọjà àdúgbò ni mò ń sọ, kì í ṣe Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó ọkọ̀ dà. Jálá epo tí kò tó igba náírà (₦200) nígbà náà kọjá ẹgbẹ̀rún (₦1,000) kí ọdún kejì tó parí. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ìyá tó ń sanwó ọ̀kadà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án fún ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí ẹ̀rù mọ́tò. Èmi gan-an ń san án báyìí. Owó tí à ń san nítorí ẹ̀rù ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ládùúgbò kò ní mọ́tò, ẹsẹ̀ la fi ń rìn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a pèsè fún ẹsẹ̀. Gọ́tà ló kàn wá.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé sórí tábìlì nìyí. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú títì kan péré, èyí tí ẹ̀bùrú ti ń yọ lẹ́nu jù. Kí ẹ pe ìpàdé, kí ayálégbé náà wà níbẹ̀, kí ẹ bi ilé sí ilé. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ yín. Èyí ṣe pàtàkì, ẹ jọ̀wọ́, nítorí títì kì í ṣe tiwa láti dá tì: ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi ìtọ́jú títì àdúgbò, iná títì àti gọ́tà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà nínú ìgboro, alága wọn ò jìnnà sí yín, púpọ̀ nínú wọn ni ẹ bá polongo ìbò. Ẹ tọrọ oṣù mẹ́ta péré fún ìdánwò, láti aago méjì ọ̀sán tí ọmọ ń dé láti ilé ìwé títí di aago méje alẹ́, àti gbogbo ọjọ́ Sunday. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò dára, ẹ ṣí i.

Lórí géètì yẹn náà, ẹ jọ̀wọ́, ilẹ̀kùn kékeré ti ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ géètì wa ni kò ní i. Alẹ́ ni mo máa ń parí iṣẹ́ nígbà ọdún, mo sì ti dúró lẹ́yìn géètì rí láago mẹ́wàá àbọ̀, tí mò ń lu irin, tí mò ń pe ọdẹ, pẹ̀lú àpò aṣọ lórí. Ẹlẹ́sẹ̀ kì í jí kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un kí ó rí ọ̀nà gbà kọjá, ọ̀sán àti òru.

Àti orí síláàbù. Ìsọ̀, jẹnẹrétọ̀, yanrìn ẹni tó ń kọ́lé, mọ́tò tó ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Ibi tí ọmọ mi ìbá gbà kọjá nìyẹn. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè sọ fún onílé ẹlẹgbẹ́ yín pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ó sì gbọ́. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí n wá ilé mìíràn.

Wọ́n ti tú P.O.P. lẹ́sẹ̀ ọmọ mi. Ó ń tiro díẹ̀ bí ilẹ̀ bá tutù, dókítà sì ní kẹ̀kẹ́ gígùn á ṣe ẹsẹ̀ náà lóore. Kẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin yẹn ti padà sára irin wíńdò. Mo ti ra dúrọ́ọ̀mù méjì lọ́wọ́ oníkùn-ún ọkọ̀ kan ní Mónátán, mo fọ̀ wọ́n, mo kùn wọ́n ní pupa àti funfun, mo sì fi àyè sílẹ̀ lára wọn fún nọ́ńbà ọdẹ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n wà. Ìpàdé ẹgbẹ́ ti àdúgbò wa bọ́ sí Sátidé tó ń bọ̀, láago mẹ́rin. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí ẹ ó fi parí. Bí ẹ bá gbà, kí ẹ rán ọdẹ sí mi, àwa méjèèjì á jọ yí wọn dé ẹnu géètì.

Èmi ni tiyín, ayálégbé àti aránṣọ,
Ẹ̀yìn Baṣọ̀run, Ìbàdàn.